Kóró Tó Ń Rìn

Bí nǹkan kan bá wà láyé tí Veronika kò lè fara dà, kòkòrò ni. Irun kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀ ti tó láti lé e kúrò nídìí tábìlì. Awọ tó máa ń dì lórí wàrà gbígbóná ń rí i lára. Lọ́dún kan, ó da odindi àwo ọbẹ̀ ẹja nù sẹ́yìn ilé nítorí pé ó ní ojú ẹja náà ń wo òun. Gbogbo abúlé tó yí adágún omi náà ká ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà yìí, torí náà wọn kì í pè é ní Veronika mọ́. Fúì ni wọ́n ń pè é. "Fúì!" ni ariwo tí ará Latgale, ìyẹn agbègbè wọn, máa ń pa bí nǹkan bá kó o nírìíra, ariwo ọ̀hún kì í sì í kúrò lẹ́nu obìnrin yìí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Aloizs ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ náà. Aloizs ti kú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n orúkọ kò bá a lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nígbà tó yá, ó di òṣùwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa ẹran tó ti pẹ́ díẹ̀ tàbí ẹyin tí kò dá a lójú, wọ́n á ní kó gbé e fún Fúì gbóòórùn. Wọ́n á ní, ohun tí Fúì bá jẹ, afọ́jú lè jẹ ẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, àmọ́ wọ́n gbà á gbọ́ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kòkòrò ya bo àwọn igi alkisini etí omi. Kí oṣù kẹfà tó dé ìdajì, ewé wọn ti di rúsúrúsú bí ẹni pé iná rà á. Kòkòrò náà kò tó èékánná ọmọ ìkókó, ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni, olè ni. Yóò lu ewé, yóò wọ àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò jẹ gbogbo ẹran tó wà láàárín títí ewé yóò fi dà bí bébà tí wọ́n fi di àkàrà. Nígbà tó bá jẹun tán, yóò gé lára awọ tó kù, yóò fi itọ́ ẹnu rẹ̀ rán an pọ̀ bí àpò tẹ́ẹ́rẹ́, yóò kó sínú rẹ̀, yóò sì máa wọ́ ọ kiri, orí dúdú àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ síta. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ti alkisini yìí tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi awọ ẹ̀fọ́ dá ẹ̀wù. Kí èèyàn jẹ ẹnì kan tán, kó tún bọ́ awọ rẹ̀ wọ̀, kó wá máa fi ṣe fàájì kiri! Ìyẹn gan-an ló ń bí Veronika nínú jù.

Wọ́n wà níbi gbogbo. Wọ́n ń fi òwú tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, wọ́n ń já sí i lọ́rùn. Ó ń ká aṣọ tó sá, ó bá wọn lápá ẹ̀wù. Ó ń fún wàrà, ó bá ọ̀kan tó léfòó nínú korobá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń de gèlè lọ fún màlúù bí ẹni ń lọ síbi oyin. Tó bá di alẹ́, kò ní kọ́kọ́ gbàdúrà, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń gbọ̀n ná.

Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Apolonija, ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé náà. Ìyá yìí ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Láti bí ọdún mẹ́ta ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú, nígbà tó sì máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru nìkan ló kù tó mọ̀. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣí ìwé àdúrà, ó ń yí ojú ewé padà, ó ń ka ohun tó ti há sórí láti kékeré. Veronika mọ̀. Òun ló ń rí i pé ife kò kúrò níbi tí ife ń wà, pé àga kò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, pé àlejò kì í wọlé láìfọhùn, kí ìyá lè mọ ẹni tó jẹ́. Lórí gbogbo èyí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀, wọ́n ń jà lórí fèrèsé, wọ́n ń jà lórí ẹni tó gbàgbé ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ní ṣíṣí ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Veronika mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ìyá yìí lọ, kò ní sí ẹni tí yóò máa bá òun jà mọ́, kò sì mọ bí òun ṣe máa jí láàárọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbé e lọ kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Donats, àkọ́bí ìyá náà tó ń gbé ní Riga, olú ìlú. Genovefa aládùúgbò ló gbé ọ̀rọ̀ ojú ìyá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Genovefa kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìdérí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí àjọ̀dún Līgo, ọdún àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Donats fi fóònù pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ojú yín ti lọ."

"Ojú mi lọ síbo? Ṣé ó wá dágbére fún ẹ ní Riga ni?"

"Àǹtí Genovefa ní ẹ kí ẹ̀wù òtútù tó wà lára ògiri. Ẹ ní 'ẹ káàárọ̀' fún ẹ̀wù, Màmá."

"Ẹ̀wù bàbá ẹ ni. Mo máa ń kí i. Ìwọ tó o lójú, ìgbà wo lo kí i gbẹ̀yìn?"

Donats yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun ti bá wọn gba yàrá sílẹ̀ ní ilé àwọn arúgbó nígboro, pé tí òun bá wá ṣọdún, òun máa gbé wọn lọ. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá náà jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Donats, gbọ́. Wàràkàṣì Līgo ń bọ̀. Tí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe é, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó o jẹ ẹ́, tó ò rí àléébù kankan nínú ẹ̀, ṣé wàá fi mí lọ́rùn sílẹ̀?"

Donats rẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá lè dá a ṣe, ẹ ò ní gbọ́ ilé arúgbó lẹ́nu mi mọ́ láé. Mo fi sàréè bàbá mi búra. Àmọ́ Veronika ò gbọdọ̀ wọ kíṣìnnì o! Àǹtí Genovefa ló máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà."

"Jẹ́ kó jókòó. Kó gbé ìrọ̀rí dání."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ibi tí arúgbó kan yóò kú sí ṣe di ọ̀rọ̀ wàràkàṣì.

Ó ku ọjọ́ méjì tí wọ́n máa ṣe é nígbà tí wàhálà ewé dé. Kò sí ilé tó ń ṣe Līgo láìfi ẹ̀ka igi tútù sí ẹnu ọ̀nà àti ara ògiri. Igi eléèpo funfun ni wọ́n máa ń gé fún un, ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó kọjá ni Donats wá, tó bẹ́ gbogbo èyí tó wà níwájú ilé lulẹ̀ kí wọ́n lè máa rí adágún omi dáadáa, bí ẹni pé adágún náà ti sọnù tẹ́lẹ̀. Apolonija ní kò burú, alkisini náà ewé ni, kí Veronika lọ gé e wá. Veronika ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, kódà bí wọ́n bá máa lé òun lọ. Genovefa ló gé e. Ó gbá a mọ́ra wọlé bí ẹni gbé ọmọ, ó sì bá wọn so ó mọ́ àjà kíṣìnnì, lókè tábìlì gan-an.

"Màmá, ewé yìí ti rà," ni Veronika wí láti ẹnu ọ̀nà. "Kòkòrò ló kún ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kó o síta."

"Ìwọ! Kí lo sọ ní Kérésìmesì nípa kóró dúdú tí Genovefa wọ́n sórí kéèkì?"

Veronika fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

"Mo ní iná orí ni."

"Ṣé iná orí ni?"

"Kì í ṣe iná orí, Màmá."

"Ó tán. Fi ewé mi sílẹ̀."

Genovefa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Fúì, ọ̀rẹ́ mi, lọ́jọ́ tó o bá dé ọ̀run, wàá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ibẹ̀."

Ọjọ́ wàràkàṣì dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti fi ń tọ́jú wàrà màlúù kan ṣoṣo tí wọ́n ní, kò sì sí òmíràn nílẹ̀. Apolonija da kóró kimene sínú abọ́ igi láti àárọ̀ kùtùkùtù, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tètè bà á. Kimene kò ju kóró wẹ́wẹ́ kan lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n rúsú, ó tẹ̀ díẹ̀ láàárín. Láìsí i, wàràkàṣì Līgo kì í ṣe ti Līgo. Ìyá náà dáná, ó ti ilẹ̀kùn ìdajì. Genovefa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ànàmọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Veronika wà lábẹ́ fèrèsé níta, ó ń tu koríko níbi tí koríko kò sí.

Ó ń gbóòórùn wàrà bó ṣe ń gbóná. Ó gbọ́ tí wọ́n da wàrà dídì sí i, ó gbọ́ ìró ṣíbí igi tó ń ro ó lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù. Òórùn bọ́tà tẹ̀ lé e. Ìyá náà ń kọ orin Līgo lábẹ́ ohùn, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún kó má bàa ro ó ju bó ṣe yẹ lọ. Orin mẹ́ta ni fún ríro, orin kan fún iyọ̀ àti kimene. Níbi orin kimene yìí, ohùn rẹ̀ ṣàdédé dá.

"Kí ló dé, Màmá Apolonija?" ni Genovefa bi í.

"Mò ń wọn kóró ni."

"Ṣé ó tó?"

"Ó tó. Ó tiẹ̀ fẹ́ jù."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí orin náà tó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ nígbà tó fi aṣọ di wàràkàṣì, tó sì gbé òkúta lé e. Genovefa dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ojú mi méjèèjì ló ṣe é! Ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́. Mo máa sọ ọ́ fún Donats." Ló bá kó ànàmọ́ rẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Arúgbó náà lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kíṣìnnì, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Veronika wọlé láti wá fọ abọ́. Ooru ààrò ti pa ewé ara àjà, ó ti rọ jọwọlọ. Kóró kimene bí ẹ̀kúnwọ́ kan ṣẹ́ kù nínú abọ́ igi. Ó gbé e, ó fẹ́ dà á padà sínú ìgò rẹ̀. Kóró kan gbéra níbẹ̀, ó ń rìn.

Ó fojú sí i dáadáa. Kóró náà yọ orí dúdú kan síta, ó fi ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ di ẹ̀gbẹ́ abọ́ mú, ó wọ́ ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Òmíràn tún gbéra. Òmíràn tún gbé orí sókè, ó ń gbọ̀n ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún bí afọ́jú tó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí Veronika gbójú sókè, ó rí ọ̀kan tó ń fi òwú sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ara ewé tó ti rọ, ó bọ́ sínú abọ́, ó sì dà bí kimene láàárín àwọn kimene ẹgbẹ́ rẹ̀.

Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Itọ́ kíkan sun sí i lẹ́nu. Ariwo "fúì" ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ariwo tí yóò jí gbogbo abúlé, nígbà tó rántí pé ìyá wà nínú yàrá kejì, ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Ó fa aṣọ ìnuwọ́ kì sẹ́nu, ó gé e jẹ. Ó dúró bẹ́ẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń wo wàràkàṣì tó wà lábẹ́ òkúta, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni ìyá máa ń bù sí i. Àwọn tó kù nínú abọ́ ń rìn. Àwọn tó ti wọnú wàrà gbígbóná ti jinná.

Ó kó kóró tó ṣẹ́ kù sínú iná. Wọ́n ń ta pàràpàrà. Ó fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta láìmí, kò sì pariwo.

Lálẹ́ yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Bí ó bá sọ fún Màmá, ohun tó ń sọ fún un ni pé, ẹ ò ríran mọ́, ẹ bu ìdin sínú oúnjẹ ọdún. Ìyá yìí gbéraga, òun fúnra rẹ̀ ló máa di ẹrù rẹ̀ kó tó di àárọ̀. Bí ó bá dákẹ́, tí Donats sì fúnra rẹ̀ rí i, ilé arúgbó náà ni. Wàrà kò sí láti fi ṣe òmíràn. Ibi yòówù kó yíjú sí, ìdin ló ń rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Apolonija tú aṣọ kúrò lára wàràkàṣì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a gbì, inú rẹ̀ dùn. "Ó dì dáadáa. Ìyàwó mi, wá fi bọ́tà pa á lára, ìyẹn kò sí nínú ìbúra." Ó sì lọ jókòó sí ìta nínú oòrùn.

Veronika gbé wàràkàṣì náà lọ sídìí fèrèsé, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ẹni tó máa ń da ọbẹ̀ nù nítorí ojú ẹja ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ yọ ìdin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ojú nìkan kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, àfi kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kimene le. Èyí tí kì í ṣe kimene ń rọ̀ lábẹ́ ìka, omi díẹ̀ a sì yọ níbẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ̀n, ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, ó ń nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ títí awọ ìka náà fi bó. Ó yọ mọ́kànlélógójì kúrò lára wàràkàṣì náà, ó sì fi bọ́tà dí ojú ihò wọn. Ti inú kò ṣeé yọ, àfi kí Ọlọ́run fọ́ Donats náà lójú.

Donats dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Līgo, ní àkókò tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ rárá ní ilẹ̀ yẹn. Èèyàn gàgàrà ni, ọtí bíà wà lápá ọ̀tún rẹ̀, báàgì òfìfo ńlá kan wà lápá òsì, èyí tó fẹ́ fi kó ẹrù ìyá rẹ̀. Veronika rí báàgì yẹn. Wọ́n tẹ́ tábìlì sí ìta, Genovefa fi adé ewé lé Donats lórí, wọ́n kọrin, wọ́n mu ọtí. Lẹ́yìn náà, Apolonija gbé wàràkàṣì wá fúnra rẹ̀, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, kò kọsẹ̀. Ó gé ègé àkọ́kọ́, ó sì nà án sí ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá?" ni Genovefa bi í.

"Eyín ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jẹ."

Donats kò tíì jẹ ẹ́. Ó gbé ègé náà sókè sí oòrùn, ó ń yí i bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò. "Ó dán o. Àwọ̀ ẹ̀ dáa. Kimene ẹ̀ pọ̀..." Ó mú un súnmọ́ ojú. "Kí lèyí? Ó dà bíi pé kóró yìí lórí."

"Kimene tó lórí!" ni Genovefa pariwo. "Bi í bóyá ó ní fìlà."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Apolonija wà lórí ọ̀bẹ. Donats gbójú kúrò lára wàràkàṣì, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí la wá ń da ara wa láàmú sí? Ṣebí Fúì wà níbí. Veronika, wá. Tó o bá lè jẹ ẹ́, èmi náà á jẹ ẹ́. Tó ò bá lè jẹ ẹ́, Màmá, ká máa di ẹrù."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀," ni Genovefa wí. "Ohun tí Fúì bá jẹ, afọ́jú lè jẹ ẹ́."

Veronika gba ègé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí orí ọ̀hún. Ó dúdú, ó ń dán, ó yọ díẹ̀ láti inú ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni tí ikú bá lójú fèrèsé. Ó wo báàgì òfìfo tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì gé e jẹ láti ibi tí orí náà wà.

Ó jẹ ẹ́. Èyí tó le lábẹ́ eyín, kimene ni. Èyí tí kò le ń bẹ́ díẹ̀, ó korò bí omi ewé, ó sì fi nǹkan bí awọ bébà sílẹ̀ lórí ahọ́n rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ dé irun orí. Ó gbé e mì. Ó fi ahọ́n wá awọ bébà náà kàn, ó gbé ìyẹn náà mì.

"Ó dùn," ni ó wí. "Bọ̀ọ̀dá Donats, ojú yín ló ń bàjẹ́, kì í ṣe ti Màmá. Ẹ fún mi ní òmíràn."

Ó jẹ ègé kejì níṣojú gbogbo wọn. Nígbà náà ni Genovefa na ọwọ́, Donats náà sì bẹ̀rẹ̀. Ègé márùn-ún ló jẹ. Ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, òun ò jẹ irú ẹ̀ mọ́. Ó lá ìka rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló padà sí Riga. Nígbà tí ìró mọ́tò rẹ̀ kò dún mọ́, ìyá àti ìyàwó jókòó ní kíṣìnnì.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá."

"Báàgì ẹ̀ ńkọ́?"

"Òfìfo ló gbé lọ. Wàràkàṣì nìkan ló bu sínú ẹ̀, ó ní ti ìyàwó òun."

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà ní ojú rẹ̀ tí kò ríran, ó ń fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ń tún un sọ pé, "Ti ìyàwó ẹ̀! Ti ìyàwó ẹ̀!" Veronika ń wò ó.

"Màmá, ẹ̀yin ò jẹ nínú wàràkàṣì yẹn lánàá."

"Eyín mi."

"Eyín yín tó ń fọ́ egungun ẹja?"

Ẹ̀rín dá. Ìyá náà fọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abọ́, wọ́n gun ọrùn ọwọ́ mi. Kimene kì í gun èèyàn, ọmọ mi. Genovefa sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá figbe ta, Donats á ti gbọ́ kó tó dọ̀sán. Mo bù ú sí i."

"Ẹ bù ú sí i! Ẹ mọ̀ pé ìdin ni, ẹ bù ú sí i! Ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́! Ègé méjì, Màmá!"

"Mi ò wò ẹ́. Mi ò ríran." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa sọ gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu. "Mò ń gbọ́ ẹ ni. Látìgbà tó o ti fọ abọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí mi ò gbọ́ fúì lẹ́nu ẹ, ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní lọ ibì kankan."

Veronika sáré jáde. Abẹ́ alkisini ló bì sí, ó bì í títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi ń ta á, àwọn olè inú ewé ń sọ̀ kalẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò sì gbọn ọ̀kankan kúrò. Nígbà tó wọlé padà, ó ti fọ ẹnu. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ègé tó nípọn jù nínú wàràkàṣì tó kù, láti àárín gan-an, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́."

Apolonija fi àtàǹpàkò wá ojú ègé náà kiri, kóró kan tẹ̀ lé èkejì. Ó dé orí ọ̀kan, ìka náà dúró. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀.

Ó gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó sì gbé e mì.

"Fúì," ló ní, ó na ọwọ́ pé kó fún òun lómi.

Veronika bu omi fún un.